Bí olùkọ́ ṣe lè múra handout, síláìdì àti fídíò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kí akẹ́kọ̀ọ́ akanda ẹ̀dá lè rí i lò

Ẹ wo ohun tó máa ń wà nínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì ní póòlì tàbí yunifásítì wa: fọ́tò ojú ìwé mẹ́rìnlá tí ẹnì kan yà nínú handout, PDF tí wọ́n síkáànù tó dojú dé, ohùn olùkọ́ tó gùn tó wákàtí kan, àti síláìdì tí àwòrán kún bámúbámú. Ẹni tó ríran, tó gbọ́ràn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá á ṣí i, á kà á, á bá tirẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran á fọwọ́ kan fọ́tò yẹn lórí fóònù rẹ̀, fóònù á sì sọ fún un pé "photo". Ó parí. Á tún fọwọ́ kan èkejì: "photo". Bẹ́ẹ̀ títí dé orí ìkẹrìnlá.

Kì í kúkú ṣe pé irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ò sí láàárín wa. Ọdún 2017 ni JAMB dá JAMB Equal Opportunity Group sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola sì ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀, kí àwọn tí kò ríran lè ṣe UTME lọ́nà tó bá wọn mu. Wọ́n ń yege, wọ́n sì ń wọlé. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka fífi ojú ọ̀tọ̀ wo akanda ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí handout àkọ́kọ́ bá jáde ni wàhálà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà jẹ́ olùkọ́, mo sì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé iṣẹ́ wọn sórí Moodle, ìyẹn ìkànnì tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni iye tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa jẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan láti rà. Ìdá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà nínú Word tí ẹ ti ní, nígbà tí ẹ bá ṣì ń tẹ ìwé yín lọ́wọ́. Bí ìwé bá ti di PDF, àtúnṣe rẹ̀ á wá di iṣẹ́ àṣelàágùn. Nítorí náà, orísun ni ká ti tún un ṣe.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì kankan, ẹ béèrè

Akanda ẹ̀dá kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ríran rárá ń fi etí kàwé, tàbí kó fi ìka ka braille. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì máa ń fẹ lẹ́tà sí i títí gbólóhùn kan á fi gba ojú fóònù tán. Adití ń fẹ́ kí ohun tí ẹ sọ wà ní kíkọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ tàbí tó ń gbọ̀n kò lè fi máòsì mú bọ́tìnì tíńtín, kíbọ́ọ̀dù tàbí ohùn ló ń lò. Àwọn kan sì wà tí ẹ kò ní mọ̀ bí ẹ tilẹ̀ wò wọ́n títí: ẹni tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú bó bá ń kàwé, ẹni tí wárápá ń yọ lẹ́nu tí iná tó ń ṣẹ́jú nínú fídíò lè kó bá.

Bí sẹ̀mẹ́sítà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tó jọ èyí ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì:

"Bí ohunkóhun bá wà nípa ojú, etí, ọwọ́ tàbí bí ẹ ṣe ń kàwé tó yẹ kí n mọ̀, ẹ kọ̀wé sí èmi nìkan, ẹ má kọ ọ́ sínú gúrúùpù. Ẹ sọ irú fáìlì tó rọ̀ yín lọ́rùn jù. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bí ẹ ò bá fún mi láṣẹ."

Ẹ jọ̀wọ́, kí olùkọ́ má dúró níwájú kíláàsì kó máa béèrè ẹni tí kò ríran. Bí wọ́n bá sì ti dá yín lóhùn, ẹ gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́. Afọ́jú méjì lè wà ní kíláàsì kan náà kí ọ̀kan fẹ́ Word, kí èkejì sì ní braille lòun fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, kó má jẹ́ fọ́tò

Ẹ ṣí PDF tí ẹ máa ń pín, kí ẹ fi máòsì fa orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ẹni fẹ́ ṣe copy. Bí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan bá yí àwọ̀ padà, ọ̀rọ̀ ni. Bó bá jẹ́ gbogbo ojú ìwé ló yí àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, fọ́tò ni. Screen reader, ìyẹn ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù sókè, lè má rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Kí ẹ tó máa wá bí ẹ ṣe máa yí fọ́tò padà, ẹ ronú sí ibi tí handout náà ti wá. Ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka yín, ó sì lè jẹ́ ọmọ business centre tó wà lẹ́nu géètì, kí fáìlì Word rẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wọn tàbí lórí flash àtijọ́ kan. Ẹ lọ béèrè. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá sanwó ìwé títẹ̀, kí owó náà kan fáìlì .docx, kó má mọ sórí bébà nìkan.

Bí Word rẹ̀ bá ti sọnù pátápátá, ẹ gbé PDF tàbí fọ́tò náà sórí Google Drive, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní apá ọ̀tún máòsì, ẹ yan Open with, kí ẹ wá yan Google Docs. Á fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yọ. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ojú ara yín kà á, nítorí ó máa ń sọ "rn" di "m", ó máa ń sọ òdo di lẹ́tà O, ìṣirò máa ń fọ́ yángá, àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì máa ń ṣí dànù. Fọ́tò tí wọ́n yà lára fótókọ́pì tó ti ṣá, ẹ má bá a jà. Ẹ tún un tẹ̀.

Ti ìwé tí ẹlòmíràn kọ ńkọ́? Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2017, fàyè gbà á kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀ láìkọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bí kì í bá ti ṣe fún èrè. Ẹ jẹ́ kó gba ọwọ́ ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ yín kọjá, kí ẹ̀dà náà sì mọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: àkọlé tó jẹ́ àkọlé

Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo péré lẹ máa ṣe nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni kí ẹ ṣe.

Ẹni tó ríran máa ń fi ojú gbá handout: ó rí ọ̀rọ̀ tó tóbi, tó dúdú, ó ti mọ̀ pé orí tuntun ló bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kàn fẹ "Orí Kejì" tóbi tí ẹ sì tẹ Ctrl+B, lọ́dọ̀ screen reader gbólóhùn bíi ti ìyókù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá orí kejì nínú ìwé olójú ewé ọgọ́ta á máa gbọ́ ọ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń wá òkúta kan ṣoṣo nínú àpò ìrẹsì.

Ẹ gbé cursor sórí àkọlé náà, ẹ lọ sí Home, ẹ yan Heading 1 nínú Styles, tàbí kí ẹ tẹ Ctrl+Alt+1. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jẹ́ Heading 2, èyí tó tún wà lábẹ́ ìyẹn á jẹ́ Heading 3. Ẹ má fò láti 1 sí 3 nítorí pé bí 3 ṣe rí wù yín lójú. Bí àwọ̀ búlúù tí Word fi sí i bá ń bí yín nínú, ẹ tẹ Heading 1 ní apá ọ̀tún máòsì, ẹ yan Modify, kí ẹ fi àwọ̀ àti fóńtì tó wù yín sí i. Gbogbo àkọlé inú ìwé á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá lọ sí View, ẹ ṣí Navigation Pane. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dà bí àtẹ àkóónú ìwé. Bó bá ṣófo, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Bó bá kún, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo screen reader á lè máa fò láti orí kan sí èkejì bó ṣe ń tẹ lẹ́tà H, gẹ́gẹ́ bí ojú yín ṣe ń fò. Ẹ̀yin náà á rí èrè tiyín, nítorí Word á bá yín ṣe Table of Contents fúnra rẹ̀, ẹ ò ní máa fi ọwọ́ to àmì ìdánudúró mọ́.

Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ fi bọ́tìnì bullet tàbí ti nọ́ńbà ṣe àkójọ. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ sí ojú ewé tuntun, ẹ tẹ Ctrl+Enter. Ẹni tó bá tẹ Enter lẹ́ẹ̀mẹjọ láti ti ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ti rán screen reader níṣẹ́ pé kó máa pe "blank, blank, blank" sí ọmọ ọlọ́mọ létí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá kọ handout

Àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tó ti òkè òkun wá kì í dé ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka wa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá wí jù.

Ẹ ṣe copy gbólóhùn kan láti inú handout yín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ WhatsApp. Bí "ọkọ" bá di "oko" nígbà tó débẹ̀, a jẹ́ pé ìlà ni wọ́n fà sábẹ́ o, wọn ò tẹ ọ. Ìlà yẹn, ẹwà ojú lásán ni. Bí ọ̀rọ̀ bá kúrò nínú Word, ìlà ò bá a lọ, ọ̀pọ̀ screen reader ò sì ní sọ pé ó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àmì kantankàntan ló jáde, bíi àmì owó àti àmì ìbéèrè láàárín ọ̀rọ̀, a jẹ́ pé fóńtì ayé àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, irú èyí tó máa ń ya ẹ lójú ìwé nígbà tó jẹ́ pé àmì mìíràn ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀. Ètùtù rẹ̀ ni Ctrl+H: ẹ wá àmì náà, kí ẹ fi lẹ́tà gidi rọ́pò rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ á ro yín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Láti fi tẹ tuntun, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, Gboard náà sì ní i fún fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún Word pé Yorùbá ni èdè náà: ẹ fa orí ọ̀rọ̀ náà, Review, Language, Set Proofing Language, Yoruba. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wà láàárín, ẹ sọ tirẹ̀ náà lọ́tọ̀.

Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ohùn tó wà nínú àwọn screen reader yìí, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni, bí ẹ sì ṣe máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn lè pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń méfò rẹ̀. Àmọ́ fún ewì, oríkì àti ọfọ̀, níbi tó ti jẹ́ pé ohùn lọ̀rọ̀ gan-an, ìméfò ò tó. Ẹ ka àyọlò náà fúnra yín sínú fóònù, kí ẹ so ohùn yín mọ́ ìwé. Ìṣẹ́jú méjì yín lórí oríkì kan á ṣe é láǹfààní ju gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń fò kọjá lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwòrán tó ń sọ̀rọ̀

Ní Word àti PowerPoint, ẹ tẹ àwòrán ní apá ọ̀tún máòsì, ẹ yan View Alt Text, kí ẹ kọ ohun tó yẹ kí ẹni tí kò rí i mọ̀. Word lè bá yín kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ pa á rẹ́. Kò mọ ìdí tí ẹ fi fi àwòrán náà síbẹ̀.

Ká mú ti Economics. Olùkọ́ kan fi ìlà demand sínú handout, ó kọ "Graph 1" sí Alt Text. Akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ìlà kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lápá òsì sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Nígbà tí iye owó jẹ́ ₦500, ogún àpò ni wọ́n rà. Nígbà tó já sí ₦300, wọ́n ra ogójì." Ẹ̀kọ́ tí àwòrán náà wá kọ́ni nìyẹn, ó ti dé etí.

Àwòrán kan náà lè gba àlàyé méjì. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní ìrìn-àjò afẹ́, fọ́tò igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005, á nílò kí ẹ sọ ọ̀nà ẹsẹ̀, odò àti bí àyè ṣe wà fún àlejò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà lẹ ń kọ́ wọn, àwọn ère Susanne Wenger lẹ máa ṣàpèjúwe: apá tó nà gùn, ojú tó yọ síta, bí ara ère ṣe rí lójú. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán yìí jẹ́", screen reader ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwòrán òdòdó etí ìwé kò nílò àlàyé, ẹ tẹ Mark as decorative kó fò ó. Àwòrán ọkàn èèyàn tó ní apá púpọ̀ kò ṣe é kó sínú Alt Text. Ẹ kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé gan-an, sábẹ́ àwòrán, gbogbo kíláàsì ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìdánwò ni, ẹ ṣọ́ra kí Alt Text má sọ ìdáhùn jáde.

Ìṣirò: ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ tẹ Alt àti = nínú Word, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Máàpù àti àwòrán ìmọ̀ ẹ̀rọ lè nílò èyí tí ọwọ́ lè fọwọ́ bà. Òwú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ páálí ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ olùkọ́ àwọn afọ́jú. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ̀ka Special Education wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ náà sì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà fún iṣẹ́ yìí gan-an.

Àtẹ, àwọ̀ àti líǹkì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Àtẹ gbọ́dọ̀ ní ìlà àkọlé kan lókè (Table Layout, Repeat Header Rows), kí ẹ má sì da àpótí méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀: "àwọn ìbéèrè tó wà ní pupa ni kí ẹ dáhùn" kò yé ẹni tí pupa àti àwọ̀ ewé jọ rí bákan náà lójú, ẹ fi àmì ìràwọ̀ kún un. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1, tàbí 3 sí 1 fún lẹ́tà ńlá, gẹ́gẹ́ bí WCAG, ìlànà àgbáyé fún mímú kí akanda ẹ̀dá lè lo ìkànnì, ṣe wí. Ìkànnì WebAIM á bá yín wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Yẹ́lò lórí funfun kì í yege. Ní ti líǹkì, ẹ kọ ibi tó ń lọ sára rẹ̀, bíi "iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ kẹta". Screen reader lè to gbogbo líǹkì ojú ìwé jọ sójú kan, bó bá sì jẹ́ "click here" mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ẹ rò ó wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ ọ́ di PDF bó ti yẹ

File, Save As, PDF. Kí ẹ tó tẹ Save, ẹ ṣí Options, kí ẹ rí i pé "Document structure tags for accessibility" ní àmì. Ẹ má gba ọ̀nà Print to PDF, nítorí gbogbo àkọlé àti Alt Text tí ẹ ti làágùn lé lórí ni yóò já sọnù.

Lójú tèmi, kí Word náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ PDF nígbà gbogbo. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì á fẹ lẹ́tà, á yí àwọ̀ padà, á ṣe é bó ṣe fẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan ń bẹ̀rù pé wọ́n á jí iṣẹ́ àwọn tà. Ẹ lọ wo ẹnu géètì, handout yín ti wà lórí ẹ̀rọ fótókọ́pì látàárọ̀. Bí ẹ bá sì ní dandan ẹ máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti PDF, ẹ rí i pé ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú Acrobat fún "Enable text access for screen reader devices", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti ti akẹ́kọ̀ọ́ yín mọ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: síláìdì

Ẹ lo Layout tí PowerPoint pèsè, ẹ má da text box kiri. Kí síláìdì kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀ tó yàtọ̀. Ẹ ṣí View, Outline View: ohun tí ẹ kò bá rí níbẹ̀, inú text box tí ẹ fúnra yín fà ló wà. Ẹ tẹ Alt+F10, àkójọ ohun tó wà lórí síláìdì á ṣí, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ẹ rántí pé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n ti máa ń ka àkójọ yẹn, èyí tó kọ́kọ́ ń ya èèyàn lẹ́nu. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ́ni, ẹ má sọ pé "bí ẹ ṣe ń rí i níbí yìí". Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: fídíò àti ohùn

Adití kò lè lo ohùn WhatsApp yín, bó ti wù kó dùn tó. Kó má bàa di iṣẹ́ ìlọ́po méjì, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Ìwé yẹn náà ni ẹ máa so mọ́ ohùn, òun náà lẹ sì máa fi ṣe subtitle.

YouTube máa ń kọ subtitle fúnra rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ bí a ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì àti orúkọ ilẹ̀ wa máa ń ṣì í lọ́nà. Bí ẹ bá ń kọ́ ìtàn tí ẹ dárúkọ Ọ̀yọ́ Mèsì, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ ṣí Subtitles, kí ẹ wo ohun tó kọ. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀. Tàbí kí ẹ kọ fáìlì SRT tiyín nínú Notepad. Bó ṣe ń rí nìyí:

1
00:00:01,000 --> 00:00:04,500
Ẹ káàárọ̀ o. Lónìí a máa sọ̀rọ̀
nípa Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì.

2
00:00:04,600 --> 00:00:07,000
[agogo ń dún]

Nọ́ńbà, àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo. Kó má ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan má sì kọjá nǹkan bí ogójì lẹ́tà. Bí ẹ bá ń ṣe Save As, ẹ yan UTF-8 níbi Encoding, kí àmì ohùn má bàa bàjẹ́.

Subtitle nìkan lè má tó fún adití tó jẹ́ pé èdè ọwọ́ ló mọ̀ jù. Bí ẹ bá ń wá fídíò èdè ọwọ́ láti fi kún ẹ̀kọ́, ẹ má kàn mú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló mú wá, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ wa dúró lé. Ti Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọwọ́ méjèèjì pe lẹ́tà, ti Amẹ́ríkà ń fi ọwọ́ kan. Wọn kì í gbọ́ ara wọn.

Lórí Zoom, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí iná wà níwájú yín kí wọ́n lè rí ẹnu yín, kí ẹ sì fi spotlight sórí ògbufọ̀ èdè ọwọ́. Ohunkóhun tó bá ń ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fídíò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú Moodle, ẹ ṣí quiz náà, ẹ lọ sí Overrides, ẹ yan orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ fi kún àsìkò rẹ̀. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ń fi screen reader ka ìbéèrè. Ìdánwò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á wá di márùndínláàádọ́ta. Ẹ bá a fẹnu kò ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ́fíìsì ìdánwò mọ̀ ní kíkọ. Google Forms ò ní irú àyè yìí, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kan lọ́tọ̀ fún un. Ẹ yàgò fún ìbéèrè tí wọ́n ń fi máòsì fà lọ fà bọ̀, àti èyí tó ní kí wọ́n tẹ ibì kan lórí àwòrán. Mú-èyí-tó-tọ̀nà á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ dán an wò kó tó jáde

Ẹ kọ́kọ́ tẹ Review, Check Accessibility. Á fi ohun tó hàn gbangba hàn yín. Àmọ́ bí ẹ bá kọ "image" sí Alt Text, á gbà á wọlé. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òfìfo ni.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ lo Tab láti lọ síwájú, Shift+Tab láti padà, Enter láti ṣí nǹkan. Ṣé ẹ dé ibi iṣẹ́ àṣetiléwá? Ṣé ẹ rí ibi tí ẹ wà lójú ẹ̀rọ?

Ẹ wá gba NVDA sílẹ̀, ìyẹn screen reader kan fún Windows. Ọ̀fẹ́ ni, Michael Curran àti James Teh, afọ́jú méjì láti Australia, ló wà nídìí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Curran ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Lójú ìkànnì, H ń fò láti àkọlé dé àkọlé, K ń fò láti líǹkì dé líǹkì, T ń wá àtẹ, G ń wá àwòrán. Nínú Word, ẹ kọ́kọ́ tẹ Insert pẹ̀lú space. Ctrl á pa á lẹ́nu mọ́, Insert+Q á tì í. Lórí fóònù Android, ẹ di bọ́tìnì ohùn méjèèjì mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, TalkBack, ìyẹn screen reader ti Android, á tàn. Ẹ fa ìka sí ọ̀tún láti lọ síwájú, ẹ tẹ ẹ̀ẹ̀mejì láti ṣí nǹkan. Ẹ tún di méjèèjì mú kó lè kú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí fóònù má bàa máa bá yín sọ̀rọ̀ dálẹ́.

Bí ẹ bá lè rí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran tó máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sanwó fún un. Iṣẹ́ ni.

Èwo ni ká kọ́kọ́ mú?

Ẹ má gbìyànjú láti tún handout ọdún mẹ́wàá ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú course outline, handout ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ àti iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ bá tún máa kọ tuntun, ẹ kọ ọ́ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣí mọ́, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹnì kan á fi béèrè. Ẹ tún fi ìwọ̀n fáìlì wé ara wọn: PDF tí wọ́n síkáànù lè tó ogún MB, nígbà tí Word rẹ̀ lè má tó ìdajì MB kan. Ìyẹn nìkan á mú kí gbogbo kíláàsì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí owó dátà.

Ẹ fi ọjọ́ sí orúkọ fáìlì tuntun, kí ẹ yọ àtijọ́ kúrò lórí Moodle, kí ẹ sì kọ sínú gúrúùpù WhatsApp pé èyí ti rọ́pò tìṣáájú. Bí àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, òun làwọn ọmọ á máa tún pín fún ara wọn.